Oòrùn ń ràn, kí ló dé tí kò wọ gíríìdì?

Oòrùn pọ̀ ní Nàìjíríà. Ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ fi pèsè iná fún wa ni?

Wọ́n fẹ́. Ní oṣù Keje 2016, NBET, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ra iná lọ́pọ̀ nígbà náà tó sì ń tà á fún àwọn DisCo (iléeṣẹ́ tó ń pín iná sílé wa), tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú iléeṣẹ́ sólà 14. Iná náà lápapọ̀ ju mẹ́gáwáàtì 1,000 lọ. Sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà 11.5 ni wọ́n fẹnu kò sí fún yúníìtì kan. Nígbà tó yá, owó pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ lágbàáyé, ìjọba sì ní kí wọ́n dín in kù sí 7.5. Títí di 2023, kò sí ìkankan nínú wọn tó gbé iná sórí gíríìdì, wáyà ńlá tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó dùn mí.

Ṣé iye owó nìkan ló dá ìjà sílẹ̀?

Rárá o. Èyí tó le jù ni pé ta ni yóò san án bí NBET kò bá rí owó san? Àwọn DisCo kì í san gbèsè wọn tán. Bẹ́ẹ̀, sólà dà bí ilé àyágbé: gbogbo owó ti wọlẹ̀ kí ayálégbé tó san kọ́bọ̀. Báńkì kò ní yáni lówó láìsí ìwé onídùúró látọ̀dọ̀ ìjọba, ìwé yìí gan-an ni ìjọba àtàwọn iléeṣẹ́ náà sì fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lójú tèmi, ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe nìyẹn.

Bí ojú ọjọ́ bá ṣú ńkọ́?

Lọ́sàn-án gangan, ìkùukùu lè bo oko pánẹ́ẹ̀lì, kí iná rẹ̀ já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Gíríìdì sì gbọ́dọ̀ dúró sí hertz 50, ìyẹn ni pé iná ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iléeṣẹ́ mìíràn ní láti wà ní sẹpẹ́ láti dí àlàfo náà, òfin sì gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń san owó ìdúródè rẹ̀.

Abúlé wa fẹ́ gbé mini-grid, gíríìdì kékeré tiwa, kalẹ̀. Bí DisCo bá dé lọ́la ńkọ́?

Òfin mini-grid ti NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, sọ pé mini-grid tó ní ìwé àṣẹ lè darapọ̀ mọ́ wáyà DisCo, tàbí kó gba owó gbà-má-bínú. Èyí tí kò tó kílówáàtì 100 lè ṣiṣẹ́ láìgbàwé àṣẹ, àmọ́ ààbò yẹn kò sí fún un. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbé e kalẹ̀ fi ìwé àṣẹ hàn yín kí ẹ tó yọ̀ǹda ilẹ̀.

Abuja la ó lọ ni, àbí ìjọba ìpínlẹ̀?

Wọ́n tún ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ní oṣù Kẹta 2023, òfin iná tuntun sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà. Ìpínlẹ̀ tó bá ṣe òfin tirẹ̀ lè gba àkóso iná abẹ́lé. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní 2024. Iná tó bá ré kọjá ààlà ìpínlẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ NERC.