Gao àtijọ́: ohun tí ìwé, òkúta àti ilẹ̀ wí nípa ìlú Mùsùlùmí kan létí Odò Ọya

Gao jẹ́ ìlú kan ní apá àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Málì, ní bèbè ìlà-oòrùn Odò Ọya. Kawkaw ni àwọn òǹkọ̀wé Lárúbáwá ìgbà àtijọ́ ń pè é. Ó wà lára àwọn ìlú tí ọba wọn kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, òun ló sì padà di olú-ìlú ìjọba Songhay. Ohun tí a mọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá láti inú ìwé àwọn ará òkèèrè, láti ara òkúta sàréè, àti láti inú ilẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn wà. Ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí yìí kì í kò ní gbogbo ìgbà, ibi tí wọn kò ti kò gan-an ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ pọ̀ sí jù.

Al-Yaqubi, tó kọ̀wé ní nǹkan bíi ọdún 872, sọ pé nínú gbogbo ìjọba àwọn ènìyàn dúdú, ti Kawkaw ló tóbi jù, àti pé àwọn ọba mìíràn ń wárí fún ọba rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀rúndún kẹwàá, al-Muhallabi ní ọba náà ti di Mùsùlùmí, ìlú méjì ló sì ní. Sarnah, tó wà ní ìlà-oòrùn odò, ni ọjà àti àwọn oníṣòwò wà. Ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé ní ìlú kejì ní ìwọ̀-oòrùn. Iyọ̀ ló kún ilé ìṣúra ọba.

Al-Bakri, ará Andalus (ilẹ̀ Sípéènì tó wà lábẹ́ àwọn Mùsùlùmí nígbà náà), ló sọ ọ̀rọ̀ ààfin Gao kínníkínní jù, nínú ìwé tó kọ ní 1068. Ó ní bí ọba bá jókòó láti jẹun, wọn a lu ìlù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan nínú ìlú títí ọba yóò fi jẹun tán. Wọn a wá da ìyókù oúnjẹ sódò, àwọn tó wà nítòsí a hó yèè, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé ọba ti jẹun tán. Ó tún ní bí ẹnì kan bá gorí oyè, wọn a fún un ní òrùka, idà àti Kùránì kan tí wọ́n ní Amir al-Mu'minin, ìyẹn Olórí àwọn Onígbàgbọ́, ló fi ránṣẹ́. Al-Bakri kò dé Gao rí. Ẹnu àwọn arìnrìn-àjò ló ti gbọ́, inú ìwé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ló sì ti kà á. Síbẹ̀ àpèjúwe rẹ̀ níye lórí púpọ̀, nítorí ó fi ọba kan hàn wá tó gba Kùránì láì jáwọ́ nínú ìṣe ààfin.

Ní 1939 ni wọ́n rí àwọn òkúta sàréè kan ní Saney, nǹkan bíi kìlómítà méje sí ìlà-oòrùn Gao. Mábù ni díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì fi irú ìkọ̀wé Lárúbáwá tí à ń pè ní Kufic gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí wọn lára. Jean Sauvaget, onímọ̀ ìtàn Ìsìláàmù ará Faransé, ló tú ọ̀rọ̀ ara àwọn tó jẹ́ ti ọba, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1948 àti 1950. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ mábù wọ̀nyí bá iṣẹ́ àwọn agbẹ́kùúta Almería mu, ìlú etíkun kan ní gúúsù Sípéènì tó wà lábẹ́ àwọn Almoravid, àwọn Mùsùlùmí Berber tó ń jọba ní Morocco àti Sípéènì, nígbà náà. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn sọdá òkun, tí ràkúnmí sì rù wọ́n la Sàhárà kọjá, kí wọ́n tó dé orí sàréè ọba.

Ọba mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ. Ọ̀kan kú ní 1100, èkejì ní 1110, ẹ̀kẹta ní 1120. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Muhammad, ti èkejì ni Abu Bakr ibn Abi Quhafa, wọ́n sì mọ ẹ̀kẹta sí Umar ibn al-Khattab. Mùsùlùmí tó bá kà á yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé orúkọ Ànọ́bì àti ti Kalifa (arọ́pò Ànọ́bì) méjì àkọ́kọ́ ni, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra gan-an. Ó ṣòro láti pe èyí ní èèṣì. Ó jọ pé ìjọba náà fẹ́ kí aráyé rí òun bí ẹni tó tún ìgbà Ànọ́bì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀. Òkúta àwọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì fi oyè ọbabìnrin pe àwọn kan nínú wọn. Àwọn òkúta mìíràn kò ti òkèèrè wá rárá: òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ni, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ló sì fi ti Almería ṣe àwòkọ́ṣe gbẹ́ wọn.

Kíkà tí wọ́n ka òkúta wọ̀nyí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn onímọ̀ Timbuktu kọ àwọn ìwé ìtàn tí à ń pè ní tarikh, wọ́n sì to orúkọ àwọn ọba Gao láti ìdílé Zuwa dé ti Sunni àti Askia. Orúkọ ara òkúta Saney kò bá ti inú ìwé wọ̀nyí mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀. John Hunwick, tó dá ibùdó ìkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1964, dábàá ní 1980 pé àwọn Almoravid lọ́wọ́ nínú bí ìjọba Saney ṣe dìde.

Paulo Fernando de Moraes Farias, ọmọ Bràsíl tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2003 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde tó kó àwọn àkọlé Lárúbáwá àtijọ́ láti Gao, Essouk, Bentyia àti àwọn ibòmíràn ní Málì jọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn òǹkọ̀wé Timbuktu kì í ṣe adàkọ ìtàn lásán. Ọmọ ogun Morocco ti ṣẹ́gun Songhay ní 1591, ìlú sì ti dàrú. Àwọn òǹkọ̀wé yìí wá kọ ìtàn tí ìran Askia, àwọn Arma (ìran àwọn ọmọ ogun Morocco náà) tó ń ṣàkóso àti ìdílé àwọn onímọ̀ yóò lè jọ gbà. Bí a bá wò ó báyìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Gao fúnra wọn gbẹ́ sára òkúta nígbà tí ọba wọn kú yẹ kó ṣáájú ohun tí ẹlòmíràn kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà. Irú ìbéèrè yìí náà ni Farias bi ní Ọ̀yọ́: ó fọ̀rọ̀ wá àwọn arókin lẹ́nu wò, ó fi ọ̀rọ̀ wọn wé ohun tí Sheikh Adam al-Ilori kọ lórí orírun Yorùbá, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1990.

Ní ti ilẹ̀ wíwà, Raymond Mauny ti ṣe díẹ̀ ní nǹkan bíi 1950, Colin Flight náà sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Timothy Insoll wa ilẹ̀ nínú Gao fúnra rẹ̀ ní 1993 àti 1996. Ó rí àwo tí wọ́n kùn ní kíkùn dídán láti àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí, ó rí gíláàsì, ó sì rí eyín erinmi tó lé ní 50 tí wọ́n kó jọ sínú ihò kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn agbẹ́yín-erin ní Àríwá Áfíríkà ni. Lẹ́yìn ọdún 2000, Shoichiro Takezawa láti Japáànì àti Mamadou Cissé, ọmọ Málì, hú ìpìlẹ̀ ilé olókùúta ńlá kan jáde, tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹwàá, tí wọ́n gbà pé ààfin ọba ni. Iṣẹ́ Cissé ní Saney fi hàn pé àwọn ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti nǹkan bíi ọdún 700, pẹ́ kí wọ́n tó gbé òkúta kankan wá láti Sípéènì.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló so àwọn ìwádìí yìí mọ́ Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun, Abidemi Babalola wa ilẹ̀ ní 2011 àti 2012, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ ibẹ̀ gbilẹ̀. Gíláàsì Ifẹ̀ ní àmì tí kò sí lára ti Mùsùlùmí tàbí ti Yúróòpù: èròjà tó wà nínú ẹfun àti àlúmínà pọ̀ jọjọ nínú rẹ̀. Wọ́n ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ní àmì yìí ní Gao àti ní Essouk. Nítorí náà, ìṣòwò Gao kì í ṣe ti àríwá nìkan. Ohun tí wọ́n ṣe nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá gòkè dé etí aṣálẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ yìí kan náà ló fa ìparun bá Saney. Àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ tà ti gbẹ́ ihò káàkiri ibẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì hú báyìí kì í ní ọjọ́ orí mọ́ lójú awalẹ̀pìtàn, nítorí a kò mọ ipele ilẹ̀ tó ti jáde. Ní 2012 ni àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ gba Gao, tí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwà sì di ohun tó léwu. Ní ọdún náà ni UNESCO fi ibojì Askia tó wà nínú ìlú náà, ilé alámọ̀ tó ga tó mítà 17, sínú àkójọ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé tó wà nínú ewu.