Ẹ Kọ́kọ́ Wo Itan Ọmọ Kí Ẹ Tó Wo Àwọ̀ Káríà

Bí ẹ bá ti ní ọ̀já tó fẹ̀, tó sì nípọn, kò pọn dandan kí ẹ ra káríà, ìyẹn àpò olókùn tí wọ́n fi ń gbé ọmọ kọ́ ara, rárá. Mo fẹ́ kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ wa máa ń bi mí bóyá kí àwọn rà á, bí ẹni pé ìyá tí kò bá ní káríà ti jẹ ọmọ rẹ̀ ní gbèsè. Kò sí gbèsè kankan níbẹ̀. Àmọ́ mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ẹni tó ń ti Apẹ̀tẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn níbí, tó máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó tún máa bọ́ sínú takisí Máíkírà ní Sángo, kò fẹ́ máa tú ọ̀já kó tún máa so ó ní gbogbo ibùdókọ̀. Àwọn bàbá náà ti ń béèrè báyìí. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ wọn láti so ọ̀já mọ́yà, ṣùgbọ́n ojú kì í tì wọ́n láti gbé àpò kọ́ èjìká. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti máa jẹ́ kí bàbá gbé ọmọ, èmi ò bá a jà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ọ̀já ni òṣùwọ̀n. Ohun yòówù tí ọlọ́jà bá nà sí yín, ẹ wò ó bóyá ó gbé ọmọ bí ọ̀já ṣe ń gbé e.

Ẹ wo ìyá àgbà tó mọ ọmọ pọ̀n. Á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á gbé ọmọ sẹ́yìn, á la ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gba ìhà ara rẹ̀, á da aṣọ bò ó, á wá fa aṣọ yẹn gba abẹ́ ìdí ọmọ títí dé kòtò orúnkún kí ó tó fi ọ̀já dì í. Bó bá nàró tán, ìdí ọmọ ti rì sínú aṣọ, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ga ju ìdí lọ díẹ̀, itan sì là bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ tó lóṣòó. Kò sí ilé ìwé kankan tó kọ́ ìyá àgbà ní èyí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni àwọn dókítà eegun ń fẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé orí egungun itan ọmọ wọ inú kòtò kan lára egungun ìbàdí, kòtò yẹn kò sì tíì le ní oṣù 6 àkọ́kọ́. Bí itan bá là, tí orúnkún ká sókè, orí egungun á jókòó sí àyè rẹ̀, kòtò náà á sì máa jinlẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Bí wọ́n bá ń na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ tí wọ́n dì í pọ̀ lójoojúmọ́, egungun yẹn lè máa yẹ̀ kúrò ní àyè. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ṣàkíyèsí pé ìbàdí yíyẹ̀ ọmọ ọwọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwa tí à ń pọnmọ nílẹ̀ Áfíríkà, tó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó máa ń di ọmọ ní gbọọrọ mọ́ pátákó, bí àwọn Navajo, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe láyé àtijọ́. Ohun tí ọmọ jogún lè lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ náà lọ́wọ́ sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú káríà lọ́wọ́, ẹ má tíì wo àwọ̀. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ibi tí ìdí ọmọ máa jókòó lé. Ṣé aṣọ ibẹ̀ fẹ̀ tó láti kòtò orúnkún kan dé èkejì? Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá gbé sínú irú rẹ̀ kò jókòó. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi gbé e kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì máa mì dirodiro. N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀ ni ìbàdí rẹ̀ máa yẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ló máa dàgbà láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá jẹ́ Ìgè, tàbí tó jẹ́ ìdí ló fi wá, tàbí tí ẹnì kan nínú ẹbí ti ní ìṣòro ìbàdí láti kékeré, ẹ má fi èyí ṣeré rárá. Ewu tiwọn ju ti àwọn yòókù lọ, ti ọmọbìnrin sì tún ju ti ọkùnrin lọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kọ́ irú káríà yìí kó tó di ohun tí à ń rà padà. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, ló wá ṣiṣẹ́ ní Tógò lábẹ́ Peace Corps, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ sílẹ̀ òkèèrè, ní nǹkan bí ọdún 1962, tó rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń pọnmọ. Nígbà tí òun náà bí ọmọ, ìyá rẹ̀ bá a rán àpò kan tí yóò máa fi gbé e. Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1969, wọ́n sì sọ ọ́ ní Snugli. Ẹ rántí èyí nígbà tí ọlọ́jà bá sọ fún yín ní Dùgbẹ̀ pé, "Mọ́mì, èyí ni àwọn ará London ń lò."

Ọ̀rọ̀ èémí ló kàn, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Orí ọmọ tuntun wúwo, ọrùn rẹ̀ kò tíì lágbára. Bí wọ́n bá gbé e sínú aṣọ tó jìn bí àpò, ẹ̀yìn rẹ̀ á ká kò, àgbọ̀n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà èémí á sì fún. Bó bá sì jẹ́ pé imú rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ aṣọ tàbí ọmú ìyá, kò lágbára láti yí orí kúrò. Kò ní ké. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn: ìyá á rò pé oorun ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọjà, CPSC, kéde pé àwọn ń ṣèwádìí ikú ọmọ 14, ó kéré tán, nínú aṣọ tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kan láti fi gbé ọmọ, láàárín ogún ọdún. Àwọn 12 nínú wọn kò tíì pé oṣù 4.

Mo rí irú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì wa. Ìyá kan gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́rùn nínú aṣọ olórùka, èyí tí wọ́n ń fa etí rẹ̀ gba inú òrùka kọ́ èjìká kan. Ṣóńṣó fìlà nìkan ló hàn síta. Mo kí i, mo béèrè ọmọ. Ó ní, "Ó ń sùn mà. Kì í dà mí láàmú rárá tó bá ti wà nínú ẹ̀." Mo ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká wò ó." Nígbà tí mo ki ìka méjì bọ abẹ́ àgbọ̀n ọmọ, wọn ò ráyè wọlé. A yọ ọ́ jáde, a gbé e dúró mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì lajú. Kò sí ohun tó ṣe é. Ìyá náà kò sì jẹ́ aláìbìkítà. Bí àwòrán tó wà lára páálí ṣe fi hàn ló ṣe gbé e.

Ìka méjì yẹn ni kí ẹ máa lò. Ó gbọ́dọ̀ máa ráyè láàárín àgbọ̀n àti àyà ọmọ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀, kí ẹ rí ojú àti imú rẹ̀ láì fọwọ́ ṣí nǹkan kan kúrò. Kí orí rẹ̀ ga tó ibi tí ẹ lè tẹ ọrùn síwájú díẹ̀ kí ẹ fẹnu kò ó lórí. Kí káríà fún un mọ́ yín lára débi pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kò ní sún kúrò láyà yín. Aṣọ tó bá dẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọmọ ṣubú wọ inú ara rẹ̀.

Títí ọrùn á fi le, àyà ni kí ọmọ wà, kí ó kọjú sí yín. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ìyẹn máa ń tó oṣù 4. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ á ti fẹ́ pọ̀n ọ́n kí ó tó pé ogójì ọjọ́, wọn á sì sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe pọn ọkọ yín. Òótọ́ ni, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn ṣàlàyé pé lẹ́yìn, ẹ kò lè rí imú rẹ̀. Ní ti káríà tí ọmọ máa ń kọjú síta, tí gbogbo ayé á máa rí ẹ̀rín rẹ̀, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa rọ̀ wálẹ̀, ẹ̀yìn kò rí nǹkan fara tì, bí oorun bá sì gbé ọmọ lọ, orí rẹ̀ á máa wọ́ síwájú. Èyí tó ní àpótí ìjókòó nídìí, tó gbòde báyìí, wà fún ọmọ tó ti ń dá jókòó, ohun yòówù tí wọn ì báà kọ sára páálí rẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Wọ́n ní ẹni tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n ọ́n lẹ mọ̀. Ọmọ oṣù 4 ti tó nǹkan bíi kílò 6 sí 7. Nígbà tó bá pé ọdún kan, á ti sún mọ́ 9 tàbí 10. Bí èjìká nìkan bá gbé ìyẹn gòkè Mápó, ẹ óò sọ ohun tí ojú yín rí. Káríà tó ní bẹ́líìtì ìbàdí tó nípọn ni kí ẹ rà, torí ìbàdí ló yẹ kó gbé ẹrù náà, kí èjìká kàn máa mú un dúró. Okùn èjìká gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí fóòmù inú rẹ̀ má sì rọ̀ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí tọkọtaya bá fẹ́ jọ máa lò ó, ẹ wò ó bóyá okùn rẹ̀ ṣe é fà gùn, ṣe é dín kù. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bímọ ní láti ṣọ́ra: bẹ́líìtì á máa tẹ ojú ọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ná. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí okùn tàbí ọ̀já máa fún ọmú pọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Wàrà á dì síbẹ̀, ọmú á le gbandi, a óò sì tún pàdé lórí bẹ́ǹṣì.

Bí ẹ ò bá fẹ́ gbé ọmọ lọ sọ́jà, ẹ ra àpò ìrẹsì kílò 5 ní ìsọ̀ tó wà nítòsí, kí ẹ gbé e sínú káríà, kí ẹ sì rìn kiri díẹ̀. Ọlọ́jà lè rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn yín ni kì í ṣe tiẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ojúlówó ni wọ́n ń tà láàárín òkìríkà, n kò sì lòdì sí i. Mo fẹ́ òkìríkà tó dára ju tuntun tí kò nítumọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ike tí wọ́n fi ń há a wò. Bí ẹ bá tì í bọ ara wọn, ó gbọ́dọ̀ dún kẹ̀. Ẹ wá fà á tagbáratagbára. Bó bá já tàbí tó ní ibi tó ti sán, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ wo ojú rírán ibi tí okùn ti so mọ́ àpò, kí ẹ nà án síwájú oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú, ó ti ń tú nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí aránṣọ fi òwú lásán tún un rán fún yín. Aṣọ tó ti ṣá nínú oòrùn kò lágbára mọ́, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ooru ilẹ̀ yìí tún wà níbẹ̀. Nínú oṣù kejì àti ìkẹta, káríà tó kún fún fóòmù á sọ ọmọ di ẹni tí wọ́n ń sè. Ẹ wá èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ oníhò, tàbí òwú tín-ín-rín. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ti tó fún ọmọ nínú rẹ̀, nítorí ara yín pàápàá jẹ́ aṣọ fún un. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bó bá gbóná tàbí tó ń làágùn, ẹ wá ibòji, kí ẹ gbé e jáde, kí ẹ sì fún un lọ́mú. Ọmú nìkan, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò omi. Ẹ fi agbòòrùn dáàbò bò ó, ẹ má da ìborùn bò ó lójú.

Nínú ọkọ̀, káríà kì í ṣe ààbò. Bí ẹ bá wọ Máíkírà, ẹ má fi ọmọ sẹ́yìn kí ẹ wá fẹ̀yìn tì í. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, kí ó ra ìjókòó ọmọ tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀, kí ó sì gbé ọmọ kúrò nínú káríà kí ó tó wakọ̀. Ní ti ọ̀kadà, mo bẹ̀ yín, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀ ní Bódìjà, orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ ìbàdí. Ẹ má sì gbé ọmọ mọ́yà dúró ti ìkòkò àkàrà, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá rà á délé, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Orí bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, kí ẹnì kan dúró tì yín, kí ọmọ ti jẹun yó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ rìn yí ilé ká nìkan. Ìgbà tí ẹ bá lè wọ̀ ọ́, tí ẹ sì lè bọ́ ọ láìpe ẹnikẹ́ni, ìgbà náà ni kí ẹ tó máa gbé e lọ sí Dùgbẹ̀.