Oògùn Ara Ríro Tó Di Oògùn Ọmọlójú

Nígbà tí mo tẹ̀lé màmá àgbà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí dígí inú ojú rẹ̀ tó ti funfun, ìgò oògùn méjì ni nọ́ọ̀sì gbé kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ààbọ̀ wákàtí sí ààbọ̀ wákàtí ló ń kán an. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, etí ìborùn màmá ti rin gbindin.

“Ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ fi omi ṣan kiní funfun náà jáde ni?”

“Rárá o, màmá. Ẹ gbójú sókè díẹ̀ sí i.”

Ìgò àkọ́kọ́ ló ń la ọmọlójú. Èkejì, èyí tí wọ́n ń kán ní ààbọ̀ wákàtí sí ààbọ̀ wákàtí, kì í là á. Ṣe ni kì í jẹ́ kó padà padé. Ẹ̀yìn ọmọlójú ni dígí ojú tó ti funfun wà, ibẹ̀ ni dókítà ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá fún mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di kó máa táràrà.

Ohun tó sì ń mú un fún nìyí: bí ohun èlò iṣẹ́ abẹ bá ti kan awọ tó yí ọmọlójú ká, awọ náà á tú nǹkan kan jáde tó ń mú iṣan súnkì. Ní 1955, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ambache rí i nínú ojú ehoro, ó sì rí i pé atropine, oògùn kan tó ń la ọmọlójú, kò ràn án. Irin ló sọ ọ́. Kì í ṣe irin alágbẹ̀dẹ o! Iris ni Òyìnbó ń pe awọ náà, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ̀ pé prostaglandin ló wà nínú irin yìí.

Ní 1971, John Vane fi hàn pé aspirin àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Kí ọdún 1980 tó pé, àwọn dókítà ojú ní Japan ti ń kán indomethacin, ọ̀kan lára ẹbí aspirin, sójú aláìsàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ní 1986, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí flurbiprofen, òmíràn lára ẹbí náà, fún iṣẹ́ yìí gan-an: ẹ̀kán kan ní ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti wákàtí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mẹ́rin lápapọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ, torí kò lè kó prostaglandin tó ti jáde padà. Kò kàn ní jẹ́ kí ara ṣe òmíràn ni.

Mo sọ fún màmá pé oògùn inú ìgò kejì yìí, mọ̀lẹ́bí ìbúpuròfẹ́n tí wọ́n ń lò fún orúnkún ni.

“Ojú mi ò kúkú ro mí.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó kán ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọmọlójú ti là gbàǹgbà, funfun inú rẹ̀ hàn kedere. Wọ́n gbé e wọlé.