Omi wà ládùúgbò: ṣé ẹ ti lómi nìyẹn?

Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ omi sí àdúgbò kan, alága káńsù á wá gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí: àdúgbò ti lómi. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF, tí wọ́n jọ ń ṣírò ẹni tó lómi àti ẹni tí kò ní káàkiri ayé, kì í tètè gbà bẹ́ẹ̀. Àkàbà onípele márùn-ún ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ń bu omi odò tàbí ti adágún mu ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń fa omi kànga tí kò lómọrí, tí àgbàrá lè wọ̀, ló tẹ̀ lé e. Ìpele kẹta àti ìkẹrin ló gba àròjinlẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà lè wà ní méjèèjì. Aago ló yà wọ́n. Bí èèyàn bá lọ, tó tò, tó pọn, tó sì padà délé láàárín ìṣẹ́jú 30, ìpele kẹrin ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkẹta ni. Wọ́n ń ka títò mọ́ ọn o! Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gan-an, àmọ́ tí kẹ́ẹ̀gì tò lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, kò sàn ju ará oko tó rìn jìnnà. Èmi fara mọ́ ìṣirò yìí, torí àkókò àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin ló sábà máa ń bá a lọ.

Òkè téńté le díẹ̀: kí omi wà nínú ọgbà ilé, kó máa yọ nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, kí kòkòrò ìgbẹ́ má sí nínú rẹ̀, kí àsẹ́níìkì àti fúlóráìdì, àwọn èròjà inú ilẹ̀ tó ń pani lára bí wọ́n bá pọ̀ jù nínú omi, má sì kọjá ààlà. Ti àsẹ́níìkì yìí, ẹ bi ará Bangladesh ní Éṣíà. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n ri kànga onípáìpù káàkiri ibẹ̀ kí àwọn èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ àìsàn inú omi adágún. Omi náà mọ́ gaara, kò rùn, kò korò. Ní 1993 ni wọ́n rí i pé májèlé wà nínú rẹ̀, láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Títí di 2024, èèyàn bílíọ̀nù 2.1 ni kò tíì dé òkè yìí.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ní àkàbà tirẹ̀. Èyí tí ìdílé méjì bá jọ ń lò kò lè kọjá ìpele kẹta, bó ti wù kó mọ́ tó. Sọ́kéwéè yín sì lè dára. Bí ọkọ̀ tó wá fà á bá lọ dà á sódò, ẹ ò tíì dé òkè.

Àkàbà náà kò bèèrè owó, àléébù rẹ̀ nìyẹn. Láti 2017 ni wọ́n ti ń ka omi inú ọ̀rá àti omi mẹ́rúwà mọ́ omi tó dára, iye yòówù tí wọn ì báà máa tà á. Bẹ́ẹ̀, ìlérí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2015, tí wọ́n fi 2030 ṣe gbèdéke rẹ̀, sọ ọ́ gbangba pé owó omi kò gbọ́dọ̀ ga ju agbára mùtúmùwà lọ.