Bí Òṣùwọ̀n Òjò Ṣe Dé Àgbàlá: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ibùdó Ojú Ọjọ́ Aládàáni

Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye òjò tí ó rọ̀ sí àgbàlá rẹ̀ lè ra ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa wọn òjò, atẹ́gùn àti ìgbóná, tí yóò sì máa fi ohun tí ó bá rí ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ náà jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n àṣà tí ó bí i ti lé ní 300 ọdún. Lóòótọ́, láti 1441 ni ààfin Ọba Sejong ní Kòríà ti ń lo òṣùwọ̀n òjò, tí wọ́n sì pín in kárí àwọn ẹkùn, àmọ́ iṣẹ́ ọba ni ìyẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn àwọn onílé tí ń wọn òjò fúnra wọn, láìgba owó, ti hàn kedere jù lọ.

Richard Towneley, ọlọ́rọ̀ kan tí ó ń gbé nítòsí ìlú Burnley ní ẹkùn Lancashire, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òjò ilé rẹ̀ ní ọdún 1677. Ó gbé àrọ kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 12 sórí òrùlé, ó jó páìpù òjé mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì fa páìpù náà gba ojú fèrèsé wọ yàrá ibùsùn rẹ̀, kí ó má baà máa gun òrùlé nínú òtútù. Ní 1694, Royal Society, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé iṣẹ́ náà kò ni ènìyàn lára, tí ó sì ń retí kí àwọn mìíràn gbìyànjú rẹ̀ wò.

Àwọn mìíràn gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń ṣe é bí ó ti wù ú, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1769, dókítà William Heberden ròyìn pé òun gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta sí ibi mẹ́ta tí kò jìnnà síra ní Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀kan sórí ilé Ọlọ́run Westminster Abbey, èkejì sórí òrùlé ilé kan, ẹ̀kẹta sí ìsàlẹ̀. Láàárín ọdún kan, èyí tí ó wà lórí Abbey kò gbà ju nǹkan bí ìdajì ohun tí ti ìsàlẹ̀ gbà lọ. Ó di 1861 kí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ William Stanley Jevons tó ṣàlàyé pé atẹ́gùn ni ó fà á. Bí atẹ́gùn bá kọlu ara òṣùwọ̀n tí a gbé sókè, eré rẹ̀ a pọ̀ sí i bí ó ti ń gba orí ẹnu òṣùwọ̀n náà kọjá, a sì gbá àwọn ẹ̀kán òjò tí kò wúwo lọ. Àrọ Towneley tí ó wà lórí òrùlé kò lè bọ́ nínú àléébù yìí.

Ẹni tí ó wá sọ àṣà náà di ẹgbẹ́ tí ó ní ìlànà ni George James Symons, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1838. Ọ̀dá tí ó mú lẹ́yìn 1850 ni ó ká a lára, nítorí pé àwọn ìlú ńlá ń gbòòrò, wọ́n sì nílò omi, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi àkọsílẹ̀ tí ó dúró ṣinṣin sọ bóyá òjò ń dínkù. Ní 1860 ó gba iṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ojú ọjọ́, lábẹ́ Admiral FitzRoy, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1863, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lè gbájú mọ́ òjò. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó dá lórí òjò ọdún 1860, gba àkọsílẹ̀ láti ibùdó 168. Ó ń wá àwọn olùwòye káàkiri, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, olówó tàbí mẹ̀kúnnù. Àwọn àlùfáà, dókítà, onílẹ̀ àti olùtọ́jú ọgbà dáhùn, wọn kò gba kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ ń dá owó tí a fi ń tẹ ìwé náà. Nígbà tí Symons kú ní 1900, àwọn ibùdó náà ti lé ní 3,000.

Ní tèmi, ìlànà tí ó fi lélẹ̀ tóbi ju iye ènìyàn tí ó kó jọ lọ. Ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Michael Foster Ward ti gbé òṣùwọ̀n oríṣiríṣi kalẹ̀ ní Calne, ní ẹkùn Wiltshire, láti fi wọ́n wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé bí ẹnu òṣùwọ̀n ṣe fẹ̀ tó kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìwọ̀n padà, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ ń yí i padà púpọ̀. Nítorí náà, òṣùwọ̀n kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò ju ínṣì 5 lọ tó fún ẹnikẹ́ni, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé etí rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, tí igi àti ògiri kò sì dí i. Aago 9 òwúrọ̀ ni kí gbogbo ènìyàn máa ka ìwọ̀n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí orúkọ ọjọ́ tí ó ṣáájú: òjò tí a bá bá nínú òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ti Ọjọ́rú ni. Láìsí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún olùwòye kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ọjà tí kóńgò wọn kò dọ́gba.

Ti ìgbóná kò gba àlàyé púpọ̀. Thomas Stevenson, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ilé iná fún àwọn ọkọ̀ ojú òkun ní Scotland, ni ó ṣe àpótí onígi funfun jáde ní 1864, tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé tí oòrùn kò sì lè kan tẹmọ́mítà inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ Jọ́gíráfì ní ilé-ìwé girama ní Nàìjíríà lè ti rí irú rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé, bí wọn kò bá tíì fi igi rẹ̀ dáná.

Ní 1919, Hugh Robert Mill, tí ó darí ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn Symons, fà á lé ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba lọ́wọ́. Àwọn onílé kò torí ìyẹn dáwọ́ dúró. Kódà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ṣì ń lo ọgbọ́n tí Christopher Wren, ayàwòrán kàtídírà St Paul's, ti dá ní nǹkan bí 1662: garawa tí ń dà nù fúnra rẹ̀ bí omi bá ti kún un dé ìwọ̀n kan. Ohun tí ó kù ni kí iná mànàmáná máa ka iye ìgbà tí ó dà nù, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì gbé e lọ.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n tí kò lo iná kò tíì kúrò lóde. Ní ìparí oṣù keje 1997, òjò tí ó lé ní ínṣì 10 rọ̀ sí apá kan ìlú Fort Collins ní Colorado, nígbà tí apá kejì ìlú kan náà gba díẹ̀ péré. Ènìyàn márùn-ún bá ìkún-omi lọ. Ní ọdún kejì, Nolan Doesken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado bẹ̀rẹ̀ CoCoRaHS, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tí ń wọn òjò fúnra wọn, tí olúkúlùkù ń gbé òṣùwọ̀n oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 4 sí àgbàlá rẹ̀. Ó ti tàn ká gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ti àwọn àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, inú ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ni ọ̀pọ̀ wọn wà títí di oṣù kẹta 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé ènìyàn mọ́lé. Ed Hawkins ti Yunifásítì Reading wá bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n bá òun tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Nǹkan bí 16,000 ènìyàn jẹ́ ẹ lóhùn, ọjọ́ 16 ni wọ́n sì fi tẹ nọ́ńbà tí ó lé ní mílíọ̀nù 5. Nínú àwọn ìwé náà ni wọ́n ti rí Lady Bayning, tí ń gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dání láti Norfolk lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bí ó bá ń lọ bá àwọn ọlọ́lá ṣe àríyá. Àkọsílẹ̀ òjò orílẹ̀-èdè náà, tí kò kọjá 1862 tẹ́lẹ̀, padà sẹ́yìn dé 1836, ó sì hàn pé ọdún tí òjò rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni 1855, tí ó wà láàárín ọ̀dá tí ó gbé Symons dìde.