Ta ló ń gbé Ìbàdàn ró?

Bí títì tuntun bá balẹ̀ ní àdúgbò kan n'Ìbàdàn, orúkọ ìjọba ni wọ́n máa kọ sára pátákó tí wọ́n bá rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá gbẹ́ bọhóòlù fún àwọn ará àdúgbò, orúkọ tirẹ̀ ló máa wà gàdàgbà lára táǹkì. Ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìjọba àtàwọn olówó ńlá nìkan ló ń tún ìlú ṣe, àti pé ìyá tó ń ta ata l'Ọ́jà Ọba, télọ̀ tó wà ní Mọ́kọ́lá àti mẹkáníìkì tó wà l'Ọ́jọ́ọ̀ kàn ń wá oúnjẹ òòjọ́ tiwọn ni. Àwọn tó kàwé dáadáa náà máa ń béèrè pé, "Kí ni alátẹ fẹ́ fi tún àdúgbò ṣe?"

Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára. Ẹni tí a bá ti gbà pé kò mú nǹkan kan wá sínú ìlú, kò ní nira fún wa láti lé e kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ láì bi í pé níbo ló fẹ́ gbà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ojú sókè wo Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀. Alájà 26 ni, 1965 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá bi léèrè ẹni tó kọ́ ọ, yóò dáhùn pé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Láyé ìgbà yẹn, àgbẹ̀ kò láṣẹ láti ta kòkó rẹ̀ sókè òkun fúnra rẹ̀. Àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń dá iye tí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀, iye yẹn sì máa ń kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Owó tó ṣẹ́kù láàárín méjèèjì wà lára ohun tí ìjọba fi kọ́ ilé, tó fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì fi ṣe oríṣiríṣi nǹkan mìíràn tí à ń fi ìgbà yẹn yangàn lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni kòkó yẹn kì í ṣe olówó. Oko kékeré ni wọ́n ní, láwọn abúlé tó yí Ìbàdàn àtàwọn ìlú mìíràn ká, tọkọ taya àti ọmọ ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ náà mọ̀ pé àwọn ló ń gbé ẹrù náà. Nígbà tí owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí ọ̀nà abúlé wọn bàjẹ́, tí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, wọ́n dìde ní 1968. Ohun tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn, Tàfá Adéoyè sì wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀, ìyẹn kò sì ṣeé gbàgbé. Kí ìjà náà tó rọlẹ̀, ìjọba dín owó orí kù sí pọ́ùn 2.

Ẹ tún gbọ́ ti Alhaja Humuani Alaga, oníṣòwò aṣọ n'Ìbàdàn, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláṣọ. Wọn kò gba ọmọ rẹ̀ wọlé ní ilé-ìwé girama kan torí pé Mùsùlùmí ni. Kò jókòó sílé kó máa ráhùn. Òun àtàwọn obìnrin bíi tirẹ̀ kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958. Nígbà tó fi máa di 1964, ẹgbẹ́ náà ti dá Isabatudeen Girls' Grammar School sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Àwọn obìnrin tí ọjà ni iṣẹ́ wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa pàdé irú ilẹ̀kùn títì tí wọ́n pàdé.

Tòní ńkọ́? Ẹ wo alámàlà kan ní Sángo. Kó tó dáná láàárọ̀, ó ti ra èlùbọ́ ní Bódìjà lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá láti Òkè Ògùn. Ó ra ewédú lọ́wọ́ ìyá tó gbé e wọ̀lú láti oko. Ó ra èédú lójúlé kejì, ó sì ní àwọn ọmọ tó ń bá a fọ abọ́ tó ń sanwó fún. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, alájọ á dé, á gba tòní, á fi báírò sàmì sí káàdì rẹ̀. Níparí oṣù, owó ọjọ́ kan ni alájọ máa mú fún wàhálà ara rẹ̀, yóò kó ìyókù fún un. Owó yẹn ló máa fi san owó ilé-ìwé ọmọ, tàbí kó fi kún ọjà. Ká tó mọ̀, owó tí èèyàn kan san fún abọ́ àmàlà ti kan ọwọ́ ẹni mẹ́fà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì jìnnà síra wọn. Ilé ìtajà ńlá náà wúlò, ó ń gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ń lọ bá àwọn tó ni ín níbi yòówù kí wọ́n wà.

Àwọn tó ń ka iye rẹ̀ náà ti rí i. Ìwádìí tí SMEDAN, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí okòwò kéékèèké àti alábọ́ọ́dé, àti àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021 fi hàn pé okòwò tó lé ní mílíọ̀nù 39 ló wà ní Nàìjíríà lára àwọn kéékèèké àti alábọ́ọ́dé, èyí tó kéré jù nínú wọn sì lé ní mílíọ̀nù 38. Gbogbo wọn ló ń mú nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wá nínú ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe gbé ọlọ́jà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan nínú wọn wà lára àwọn tó ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà. Ìbàdàn sì ti rí ohun tí omi lè ṣe: àkúnya odò Ògùnpa ní oṣù kẹjọ 1980, àti òjò oṣù kẹjọ 2011 tó pa ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Níbi tí Ìyálọ́jà àtàwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ bá ti le, tí wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó da pàǹtírí sójú omi, ọjà a máa mọ́. Níbi tí kò bá ti sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, kì í mọ́. Bákan náà, owó tí wọ́n ń dá lójúlé kò lè gbẹ́ odò kan jáde, kò sì lè kọ́ afárá. Ìjọba ló ni ìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ torí pé ọlọ́jà ń gbìyànjú ká wá yọ̀ǹda ìjọba.

Ibi tí àwọn tó ń ṣojú àdúgbò ti wúlò jù nìyí: Mọ́gàjí, alága ẹgbẹ́ onílé, ọ̀dọ́ tó mọ ìwé. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ojúṣe ọjà, gáréèjì àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbo gbòò. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé kí owó wọn láti Àbújá máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Owó ìsọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọlọ́jà ń san tún wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ lè béèrè iye tó wọlé láti ọjà yín àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Òfin tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba ti wà láti 2011. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ọjọ́ 7 sì ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Ẹ kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí àwọn aṣáájú ọjà fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá gbé e dé sẹkitéríàtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì lu èyí tí ẹ máa mú padà.