Alárinà Ike

Lẹ́bàá Sábó ní Ìkòròdú ni mo ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń yọ́ ọ̀rá píọ́ wọ́tà pọ̀ mọ́ àfọ́kù àga ike. Oṣù kejì ni etí rẹ̀ ya. Mo fi èékánná kan ojú ibẹ̀, ó ń bó níwẹ̀níwẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà. Iná ti yọ́ wọn, igi ti rò wọ́n, síbẹ̀ kálukú dá tirẹ̀ dúró.

Ìlú Ọba ni àwọn tó ń sọ ìtàn bí a ṣe ń po ike pọ̀ mọ́ ike ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ní 1846, nígbà tí ará ibẹ̀ kan, Alexander Parkes, po rọ́bà mọ́ gutta-percha. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì: oje igi ni wọ́n, kẹ́míkà kan náà ni wọ́n, èérún wọn gùn bí okùn, bí okùn náà ṣe tẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Kí ni ìyẹn fẹ́ kọ́ wa nípa ìjà ike méjì tí kì í ṣe ẹbí?

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Oko odú ni wọ́n ní wọ́n ń pe Ìkòròdú látijọ́, odú kì í sì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Igi ìrẹ́ náà kì í ṣe àìmọ̀. Oje rẹ̀ ni Èkó fi di ìlú rọ́bà: ní 1895 nìkan, ohun tó bá ọkọ̀ lọ òkè òkun lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù. Èmi gbà pé ọkọ̀ ojú omi Ìkòròdú àti ti Ẹ̀jìnrìn ló gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ kọjá ọ̀sà, torí ọ̀nà wo ni ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ìbá tún gbà? Àwọn kan a sì máa bu oje igi mìíràn mọ́ ti ìrẹ́ kó lè pọ̀. Màgòmágó ni òyìnbó pè é. Èmi pè é ní ìdánwò. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti ṣá igi náà ní àṣákú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Ní nǹkan bí 1942 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Paul Flory àti Maurice Huggins, ní Amẹ́ríkà, ṣírò ohun tó fà á tí ike méjì kì í fi í sábà wọnú ara wọn. Omi àti ọtí, èérún kéékèèké ni wọ́n. Àyè àtifọ́nká tí wọ́n ní ló ń jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn. Okùn gígùn bíi ti ike kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè yẹn, nítorí náà ìkórìíra tí kò tó nǹkan ti tó láti tú wọn ká.

Àfi kí wọ́n wá alárinà: okùn kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ẹbí ike yìí, tí apá kejì jẹ́ ẹbí tọ̀hún. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn, alárinà a yẹ̀bá. Ti ike kì í yẹ̀bá. Ojú ààlà ló ń gbé títí ayé, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ní 1956, onímọ̀ kẹ́míkà kan, Michael Szwarc, fi hàn bí a ṣe lè so irú okùn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kú, kí a lè so apá kejì mọ́ ọn. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ó sì dé inú àtẹ́lẹ̀ bàtà.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọmọkùnrin oníbọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń ta alárinà yẹn?"